Má Tíì Béèrè Èló Ni Wákàtí Kan: Àlàyé fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ Bàálù Wíwà

Láti ìgbà tí pápá bàálù ti dé àárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn ni àwọn ọ̀dọ́ Rẹ́mọ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: èló ni wọ́n fi ń kọ́ bàálù wíwà? Ọ̀tọ̀ ni kí bàálù máa kọjá lókè orí ẹni, ọ̀tọ̀ ni kí ọ̀kadà lè gbé èèyàn dé ẹnu ibi tó ń bà sí. Ohun tó jìnnà tẹ́lẹ̀ ti sún mọ́ ilé. Owó rẹ̀ nìkan ni kò tíì sún mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó mú mi jókòó kọ eléyìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kejì Ojúde Ọba ló wá kí mi, ó sì mú bébà méjì dání. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló kọ iye owó wọn fún un. Ọ̀kan ń gba 150 dọ́là lórí bàálù fún wákàtí kan, olùkọ́ sì ń gba 50. Èkejì ń gba 190, olùkọ́ tiwọn ń gba 60. Ó ní, "Bọ̀dá, ti àkọ́kọ́ ni n ó lọ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ẹ ò ní retí kí n lọ síbi tó wọ́n." Mo ní kó kọ́kọ́ jẹ ìkọ́kọrẹ́ tó wà nílẹ̀, ká wá jọ ṣírò rẹ̀.

Kí a tó ṣírò, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń rà. Ìwé àṣẹ tí gbogbo ayé ń pè ní PPL jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ máa wa bàálù kékeré fún ara rẹ̀. Ó lè gbé ìyàwó rẹ̀, ó lè gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba owó iṣẹ́ awakọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé mo ti rí òbí tó ta ilẹ̀, tó rò pé bí ọmọ òun bá ti gba PPL, ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ìkẹjà yóò gbà á síṣẹ́. Rárá. Ẹni tó bá fẹ́ fi jẹun gbọ́dọ̀ tẹ̀síwájú dé ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní CPL. Ìlànà ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù, béèrè 200 wákàtí fún ìyẹn, tàbí 150 bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ alápapọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí lèèyàn ṣe. PPL ni àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn á dúró síbẹ̀, inú rẹ̀ á sì dùn. Èmi dúró síbẹ̀.

Fún PPL, ìlànà ICAO kan náà ní kí èèyàn ti pé ọmọ ọdún 17, kó sì ti fò fún wákàtí 40, tàbí 35 nínú ẹ̀kọ́ tí a fọwọ́ sí. Nínú rẹ̀, wákàtí 10 gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ dá nìkan fò, tí kò sí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí 5 nínú wákàtí 10 yẹn sì jẹ́ ìrìn-àjò. Ọ̀kan nínú ìrìn-àjò náà gbọ́dọ̀ tó 270 kìlómítà, kó bà sí pápá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ọ̀nà, kó sì dúró pátápátá. Bí ó bá ṣòro láti fojú inú wò, ẹ wò ó báyìí: kí èèyàn gbéra ní Ìpẹru, kó bà sí Ìbàdàn, kó gbéra lọ bà sí Àkúrẹ́, kó tún padà wálé. Ìlà tààrà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ lé ní 350 kìlómítà. Òun nìkan, máàpù lórí itan, ohùn aláṣẹ pápá létí. Ọjọ́ tí mo ṣe tèmi, mo gbàgbé pé ebi ń pa mí.

Amẹ́ríkà náà ń béèrè 40, tàbí 35 ní irú ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ìlú Ọba, Yúróòpù àti South Africa ń béèrè 45.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń rú èèyàn lójú. Iye wákàtí tó kéré jù tí ìjọba lè gbà ni 40 yẹn, ṣùgbọ́n òun náà ni ilé-ẹ̀kọ́ ń fi ṣírò nínú ìpolówó. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ jù láyé, ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo 60 sí 75 kí wọ́n tó gbà á. Wákàtí 68 ni èmi lò, n kì í sì í ṣe olódo. Nítorí náà, iye tó wà lórí bébà dà bí ìgbà tí télọ̀ dárúkọ owó ìránṣọ tí kò ka òwú àti bọ́tìnnì mọ́ ọn.

A mú bíró. Ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: 150 àti 50 jẹ́ 200. Ní ìlọ́po 40, 8,000 dọ́là. Èkejì: 250 ní ìlọ́po 40, 10,000. Ojú ọmọ náà ti ń tàn. Mo ní, "Àwọn tó parí ní ti àkọ́kọ́ yìí, wákàtí mélòó ni wọ́n lò?" Kò mọ̀. Ó pe ẹnìkan tó ti kọ́ níbẹ̀, a sì gbọ́ pé bíi 75 ni, nítorí pé bàálù kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà lórí ẹsẹ̀. Ní ti èkejì, bíi 55. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: 200 ní ìlọ́po 75 jẹ́ 15,000. 250 ní ìlọ́po 55 jẹ́ 13,750. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wọ́n fi 1,250 dọ́là dín sí èyí tó pọ́ọ́kú, a kò sì tíì ka owó ilé àti oúnjẹ oṣù tó fi pẹ́ sí i. Ó dákẹ́. Ó tún ìkọ́kọrẹ́ bù.

Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ béèrè nìyẹn: èló ni ẹni tó parí kẹ́yìn lọ́dọ̀ yín ná látòkè délẹ̀, oṣù mélòó ló sì gbà á? Ilé-ẹ̀kọ́ tó dára máa ń mọ̀ ọ́n. Èyí tó bá ń yí ọ̀rọ̀ padà, tó ń sọ pé ó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, òótọ́ ni, ó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀. Èyí tó pọ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

Kí ló ń sọ wákàtí 40 di 75?

Bàálù tí kò tó ni ọ̀gá wọn. Fífò dà bí ìlù lílù, ọwọ́ ló ń kọ́ ọ ju orí lọ, ọwọ́ sì ń gbàgbé. Ẹni tó bá ń fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òní níbi tí ti àná parí sí. Ẹni tó bá ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì á fi ìlàjì wákàtí kọ́kọ́ rántí èyí tó ti mọ̀, owó rẹ̀ sì ń lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 20 bá ń pín bàálù méjì, tí ọ̀kan bá wọ ibi àtúnṣe, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bàálù sì gbọ́dọ̀ wọ ibi àtúnṣe, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí wọ́n tú bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ni lówó wò ní gbogbo 100 wákàtí. Ohun tó yẹ kéèyàn béèrè ni bóyá mẹkáníìkì wọn wà nínú ọgbà, tàbí wọ́n ní láti gbé bàálù lọ sí ìlú mìíràn, kí wọ́n sì máa tò lẹ́yìn àwọn ẹlòmíràn.

Èkejì ni olùkọ́ tó ń sá lọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ bàálù jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń kó wákàtí jọ kí ilé-iṣẹ́ ńlá lè gbà á. Ìwé àṣẹ tó ga jù, ATPL, ń béèrè 1,500 wákàtí. Tó bá ti pé, ó ti lọ nìyẹn, ìwọ á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí yóò fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò. Olùkọ́ mẹ́ta ló kọ́ èmi. Ẹnì kejì dára gan-an, ó sì lo oṣù kan ààbọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ̀ pé ó ń lọ kí wọ́n tó gbé mi fún un, wọn ò sọ. N kò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n ó dùn mí títí di òní. Bí o bá rí ilé-ẹ̀kọ́ tó ní àgbà olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò wá ibi tí yóò lọ mọ́, tí ó kàn fẹ́ràn kó máa kọ́ ọmọ, di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Ojú ọjọ́ náà ń bẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ rí iwájú fún kìlómítà bíi márùn-ún kó tó lè fò, ọyẹ́ àríwá sì lè fi eruku bo gbogbo rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ láàárín oṣù Bélú sí Ẹrẹ́nà. Ẹni tó bá ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ bàálù ti Zaria ní oṣù Ọ̀pẹ, kó fi eléyìí sọ́kàn. Florida ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo èèyàn ń sáré lọ kọ́ ọ, náà ní òjò àrá ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń fò nígbà yẹn.

Pápá tí ilé-ẹ̀kọ́ wà náà lọ́rọ̀ nínú. Níbi tí bàálù ńlá pọ̀ sí, ìwọ àti olùkọ́ á jókòó lórí ìlà, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ ń dúró kí àwọn ńlá kọjá. Gbogbo ìṣẹ́jú rẹ̀ ni wọ́n ń kà sí ọ lọ́rùn, bí ìgbà tí ọkọ̀ há sí ìkóríta Ṣágámù tí epo ń jó. Lóòótọ́, ẹni tó bá kọ́ ní irú ibẹ̀ máa ń gbọ́ èdè rédíò dáadáa. Ṣùgbọ́n fún wákàtí 20 àkọ́kọ́, tó jẹ́ gbígbéra àti bíbà léraléra, pápá tó parọ́rọ́ ni mo fara mọ́.

Mítà àti àsansílẹ̀

Gbogbo wa la mọ ìjà mítà iná mànàmáná. Bàálù náà ní mítà, méjì pàápàá. Èyí tí wọ́n ń pè ní Hobbs ń ka aago lásán: bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ó ń kà, ì báà dúró sójú kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní tach ń tẹ̀ lé bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Tó bá ń yí díẹ̀díẹ̀ nílẹ̀, kíkà rẹ̀ a falẹ̀. Nítorí náà, wákàtí kan lórí Hobbs lè jẹ́ bí ìṣẹ́jú 50 péré lórí tach. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì lè dárúkọ 150 dọ́là, kí ọ̀kan máa gbà á lórí Hobbs, kí èkejì máa gbà á lórí tach. Iye wọn ò dọ́gba rárá. Tún béèrè bóyá epo wà nínú owó náà tàbí ìwọ ni yóò ra epo. Béèrè bóyá olùkọ́ ń gba owó lórí àlàyé tó ń ṣe lórí bọ́ọ̀dù kí ẹ tó wọ bàálù. Ọ̀pọ̀ ń gbà á, ó sì tọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n kí o ti mọ̀ kí o tó débẹ̀. Owó ìdánwò orí ìwé, owó ẹni tó ń dán ọ wò lójú òfuurufú, gbohùngbohùn etí, ìwé, ìwé àkọsílẹ̀ wákàtí: gbogbo wọn ń jẹ owó, wọn kì í sì í sí lórí bébà ìpolówó.

Àsansílẹ̀ ni mo bẹ̀rù jù. Ilé-ẹ̀kọ́ á ní, san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan, a ó yọ díẹ̀ fún ọ. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o mọ ìtàn alájọ tó kó owó ọjà lọ, ṣé o ò ní rò ó? Ní oṣù Èrèlé 2008, ilé-ẹ̀kọ́ hẹlikópítà ńlá kan ní Nevada, Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Silver State, ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án kan òru kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 2,000 ló wà níta, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti yá owó ńlá sanwó sílẹ̀. Gbèsè náà kò lọ, ilé-ẹ̀kọ́ ló lọ. Èmi kì í san ju owó wákàtí mẹ́wàá sílẹ̀ lọ. Bí ẹ̀dínwó náà bá tóbi jù, èmi á máa wò ó pé gbèsè ta ni wọ́n fẹ́ fi owó mi san.

Nílé ni tàbí lẹ́yìn odi?

Ní Nàìjíríà, NCAA ni ìjọba gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ láti fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ bàálù. Kò sí ìwé àṣẹ wọn, kò sí ilé-ẹ̀kọ́. Ì báà ní bàálù mẹ́wàá, wákàtí tí o bá fò níbẹ̀ kò ní wúlò fún ọ. Èyí tó lọ́jọ́ lórí jù ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964. Ìlọrin náà ní ọ̀kan, kò sì jìnnà sí wa. Ohun tó ń gbówó lórí nílé ni epo. Ọ̀pọ̀ bàálù kékeré, bíi Cessna 172, avgas ni wọ́n ń mu, tó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, tó sì wọ́n. Àwọn bàálù kékeré Diamond kan wà tí wọ́n ń lo Jet A1, epo tí bàálù ńlá ń lò, tó wà ní gbogbo pápá ńlá. Torí náà, ní Nàìjíríà, béèrè irú epo tí bàálù wọn ń mu kí o tó béèrè irú àwọ̀ tí wọ́n kùn ún.

Ẹni tó bá ń lọ sí Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ló lè kọ ìwé tí a fi ń gba físà akẹ́kọ̀ọ́, àwọn kékeré tó pọ́ọ́kú kò sábà lè ṣe é. Àjọ ààbò wọn, TSA, sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ àlejò wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Físà ìbẹ̀wò lásán kò tó fún un. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ó tó fẹ́ gbowó rẹ ni.

Lẹ́yìn náà, owó ilẹ̀ òkèèrè. Ní oṣù Òkúdù 2023 tí ìjọba jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀, dọ́là tó wà ní bíi 460 náírà kọjá 700 kí oṣù náà tó parí. Ní 2024, ó kọjá 1,500. Ẹ ro ti ẹni tó wà ní ìdajì ẹ̀kọ́ nígbà yẹn, tí bàbá rẹ̀ ń ta pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí owó rẹ kò bá tíì pé, ó sàn kí o dúró kó pé ju kí o bẹ̀rẹ̀, kí o dúró lójú ọ̀nà, kí ọwọ́ gbàgbé.

Ìwé àṣẹ orílẹ̀-èdè wo ni kí èèyàn gbà? Àdéhùn Chicago ti 1944 ni ìdáhùn wà nínú rẹ̀: orílẹ̀-èdè tí bàálù náà forúkọ sílẹ̀ sí ló gbọ́dọ̀ fún ọ ní ìwé àṣẹ tàbí kó fọwọ́ sí èyí tí o ní. Bàálù Nàìjíríà, 5N ni orúkọ rẹ̀ máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Bí o bá gba ti Amẹ́ríkà, o lè wa tiwọn lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ kan 5N, NCAA gbọ́dọ̀ yí i padà fún ọ, ìyẹn sì ní owó tirẹ̀. Bàálù kékeré tí aládàáni lè háyà kò wọ́pọ̀ nílé. Kí o ronú ibi tí wàá ti máa fò lọ́jọ́ iwájú kí o tó yan ibi tí wàá ti kọ́ ọ.

Ara rẹ ńkọ́?

Àyẹ̀wò ìlera ni kó ṣáájú owó ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe kó tẹ̀ lé e. Dókítà tí àjọ bàálù fọwọ́ sí ló ń ṣe é. PPL ń béèrè ìpele kejì. Ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́kàn, kó kúkú ṣe ti ìpele kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà ná owó tán kó tó mọ̀ pé ojú òun kò dá àwọ̀ mọ̀. Awò ojú kò ba nǹkan jẹ́.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ ni ti ìwọ̀n ara. Cessna 152, oníjókòó méjì, ló ń dín owó kù jù, 1985 ni wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, ó sì ń kọ́ni títí di òní. N kò rí ohun tó burú nínú bàálù àgbà bí àtúnṣe rẹ̀ bá péye. Ṣùgbọ́n bí ìwọ àti olùkọ́ rẹ bá jọ wọn 190 kílò, ẹ kò lè rọ epo kún táǹkì, ó ti kọjá ohun tó lè gbé. Dandan ni kí ẹ lọ sórí 172, tó tóbi, tó sì wọ́n sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wo ikùn rẹ̀. Mo wo abọ́.

Símúlétọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi bàálù, wúlò fún kíkọ́ àṣà ọwọ́, ṣùgbọ́n ìlànà ICAO kò gbà ju wákàtí 5 lọ nínú rẹ̀ mọ́ 40. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń fi símúlétọ̀ rẹ̀ yangàn ju bàálù rẹ̀ lọ, wò ó dáadáa.

Mo ní kí ọmọ náà lọ sí méjèèjì fúnra rẹ̀, ní ààrin ọ̀sẹ̀, láìsọ fún wọn. Kó ka bàálù tó wà lórí ẹsẹ̀. Kó wo bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ń fò lọ́jọ́ yẹn sí, kó wo iye tí wọ́n ti fagi lé. Kó ra oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan níta, níbi tí ọ̀gá kò ti ní gbọ́. Kó san owó fífò kan ṣoṣo, kó wo bí olùkọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ṣàṣìṣe.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ló pè mí láti ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bọ̀dá, mẹ́ta ni mo bá níbí o. Ọ̀kan ti fò lọ. Ọ̀kan, àwọn ẹyẹ ti kọ́lé sí i nídìí. Ẹ̀kẹta yìí, ẹ dákun, ṣé bàálù máa ń wà láìní ẹ́ńjìnnì ni?"